Ọkọ̀ Bisikíìtì Tí Ẹ Ò Wá Bù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o. Mi ò mọ̀ bóyá ọdún máa ń dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà kí n bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì kí n má kí yín. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń yin báńgà láti àárọ̀, gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá sì dún ni àyà mi ń já. Kì í ṣe báńgà nìkan ló ń já mi láyà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí ọkàn mi ò ti balẹ̀, bí mo bá jókòó, màá dìde, bí mo bá dìde, màá tún jókòó.

Ẹ̀yìn ilé ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fùn tí ẹ fi dúrọ́ọ̀mù ṣe fún Mọ́mì. Mo gbé ìwé lé orúnkún. Mọ́mì ń sùn nínú yàrá, mo sì ti lọ yọjú wò wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó kọ̀wé dé ibí yìí. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá wo àyà wọn bóyá ó ń lọ sókè sódò, kí n tó padà wá mú bírò. Mo mọ̀ pé kò ní yà yín lẹ́nu. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Ìyá Ìdààmú nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì, torí pé mo máa ń jí yín lójú oorun láti bi yín bóyá ẹ ti ti ilẹ̀kùn.

Ìròyìn tèmi ò pọ̀. Mo ṣì wà ní ọ́fíìsì tí mo ti ń to ìwé ẹrù ní Àpápá, àwọn tírélà ṣì ń tò níwájú wa bí wọ́n ṣe máa ń tò, ọ̀gá mi ṣì ń pariwo. Màmá Tími ṣì wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Àwọn ará mọ́sáláṣí yín ṣì máa ń yà kí wa lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á ní àwọn ń ṣàdúrà fún yín. Mi ò tíì pa nọ́ńbà yín rẹ́ lórí fóònù mi. Nígbà míì mo máa ń pè é, obìnrin inú fóònù á ní wọ́n ti pa á, màá sì gé e kíá bí ẹni tó jalè.

Ọ̀rọ̀ Mọ́mì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ rántí pé kí ẹ tó lọ, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀. A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yin pàápàá máa ń sọ pé ọbẹ̀ Mọ́mì, lónìí iyọ̀ ẹ̀ á ju ti omi òkun lọ, lọ́la kò ní sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Wọ́n máa ń wọ bùbá sódì. Wọ́n máa ń fi orúkọ àbúrò wọn pè mí, tí mo bá sì tún un ṣe, wọ́n á wò mí bí ẹni pé èmi ni orí mi ò pé. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n máa ń gbàgbé pé ẹ ti kú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ ò tíì lo oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀. Mò ń fọ aṣọ, wọ́n jáde wá bá mi, wọ́n ní, "Bàbá ẹ mà pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lónìí o." Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Mo ní, "Mọ́mì, Bàbá ti kú kẹ̀." Bàbá mi, igbe tí wọ́n ké lọ́jọ́ yẹn ju ti ọjọ́ tí ẹ kú gan-an lọ. Wọ́n ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi àti Màmá Tími la gbé wọn dìde, ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè, ọjọ́ méjì la lò ní ọsibítù. Nígbà tí a fi máa padà délé, wọ́n ti tún gbàgbé. Wọ́n ní kí n má ti gétì o, pé ẹ ò tíì wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń parọ́. Mo ní ẹ wà ní erékùṣù Snake Island, pé ọkọ̀ òkun ńlá kan wọlé síbi iṣẹ́ yín, wọn ò sì jẹ́ kí ẹ̀yin jórinjórin lọ sílé. Nígbà tí ìyẹn gbó, mo ní òṣíbàtà ti bo ojú omi, ọkọ̀ ò lè kọjá. Mo ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gbé yín bàjẹ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi pè. Mọ́mì á mi orí, wọ́n á ní wọ́n mà ń fi iṣẹ́ pa yín o, pé tí ẹ bá dé, àwọn fúnra wọn á lọ bá ọ̀gá yín. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò bá wọn nílé. Mo wá wọn títí dé ibùdókọ̀ Boundary, mo bi gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà, mo bi àwọn oníkẹ̀kẹ́, mi ò rí wọn. Jẹ́tì tí ẹ ti máa ń wọkọ̀ ojú omi ni mo ti wá bá wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n gbé kúlà oúnjẹ sórí itan, ẹ̀bà tí wọ́n tẹ̀ fún yín ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó máa ń gbé yín kọjá dá wọn mọ̀, wọ́n rọra fi wọ́n síbẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn pé ẹ ti kú. Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí omi nígbà tó rí mi, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Etí omi gan-an ni bẹ́ńṣì náà wà, Bàbá mi. Mo ṣì máa ń rí i lójú oorun.

Ṣé irọ́ mi ń dùn yín? Mo máa ń ronú lẹ́nu iṣẹ́ pé bí mo ṣe ń sọ lójoojúmọ́ pé ẹ ń bọ̀, ṣé kò ní jẹ́ pé èmi ni mò ń fa ẹ̀wù yín sẹ́yìn níbi tí ẹ ń lọ? Ṣé ẹ lè sinmi bẹ́ẹ̀?

Ọdún tó kọjá, ilé àbúrò Mọ́mì ní Ìjẹ̀bú la ti ṣọdún, a ò ṣe bisikíìtì kankan. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Mọ́mì jí láàárọ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Àsìkò bisikíìtì ti tó. Ṣé o ti gbá inú ọ́fùn?" Wọ́n wá ń ka àwọn nǹkan tí a máa rà: fúláwà, bọ́tà, ṣúgà, ẹyin, nọ́tímẹ́ẹ̀gì, zóbò, atalẹ̀ pupa. Wọn ò gbàgbé ẹyọ kan. Ẹni tí kò rántí pé òun ti mu tíì! Inú mi dùn, mo gbá wọn mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ohun tó máa ń tẹ̀lé bisikíìtì yẹn nílé wa, mo sì tú wọn sílẹ̀.

Mo kó àwọn kọ́tà yín tí a fi ń gé bisikíìtì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn pé. Ẹ rántí bí iná irin ṣe máa ń jó yín lójú? Ẹ á dé láti erékùṣù pẹ̀lú ojú pípọ́n, ẹ á nà gbalaja sórí bẹ́ńṣì, èmi ni màá lu agolo mílíìkì, màá máa kán an sí yín lójú kó lè tù yín, ẹ á máa ké bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Mílíìkì tó bá kù, èmi ni mo ni ín. Ẹ̀yin lẹ ni agolo. Ẹ á gé ìdí ẹ̀ kúrò, ẹ á fi ẹmú tẹ̀ ẹ́: ìràwọ̀, igi Kérésì, ẹja fún ilé Màmá Tími torí pé ará etí odò ni wọ́n, àti òṣùpá tí ẹ fi ń yọ Mọ́mì lẹ́nu. Mọ́mì á ní òṣùpá wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ Kérésìmesì? Ẹ á ní Mùsùlùmí náà lẹ́nu tí wọ́n fi ń jẹ bisikíìtì.

Ọkọ̀ ojú omi ni kọ́tà tiyín, ẹyọ kan ṣoṣo la sì máa ń fi í gé lọ́dún. Bí ọdún bá ku ọ̀la, tí gbogbo bisikíìtì ti tutù, tí áísìn tí a fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ti gbẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ èérún lásán, títí ẹ fi máa dé. Mọ́mì fúnra wọn kì í jẹ nǹkan kan láti ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú ẹnu. Ẹ á dé nírọ̀lẹ́, aṣọ iṣẹ́ yín á máa rùn bí irin tó jóná. Ẹ á wẹ̀, ẹ á kírun, ẹ á mú ọkọ̀ yín nínú àwo, ẹ á gbé e wọ yàrá lọ bá Mọ́mì. Tí ẹ bá máa fi jáde, ẹ ti ń jẹun lẹ́nu, ẹ á ní, "Ó yá, ẹ máa jẹ!" Àwa ọmọ ilé á sì rọ́ lu àwo. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Èyí tí mo wá ń bi ara mi láàárín òru ni pé, ta ló máa bu ọkọ̀ lọ́dún yìí?

Ọjọ́ tó ṣáájú ọdún ku ọ̀la la dáná. Mo po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí apá fi ń ro mí, mo fọ́ ẹyin sí i, mo rin nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí i, mo da fúláwà lé e. Kò síná, oòrùn sì mú. Ẹ mọ̀ pé mi ò ní sùúrù, ẹ̀rù ló máa ń lé mi níré. Mo fi ìgò tẹ́ fúláwà lórí tábìlì, mo gé e, mo tì í wọ ọ́fùn. Nígbà tí mo yọ páànù, gbogbo ẹ̀ ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Ìràwọ̀ dà bí ọwọ́ wíwú. Ọkọ̀ yín dà bí sálúbàtà tí tírélà gùn mọ́lẹ̀. Mo rò ó pé àmì burúkú nìyí. Mọ́mì wo páànù, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

"Ta ló ń lé ẹ?" Wọ́n ní, "Bọ́tà inú ẹ̀ ti yọ́ kó tó wọná. Wé èyí tó kù sínú ọ̀rá, jẹ́ kó jókòó sínú omi yìnyín. Ìwọ náà jókòó."

Mo lọ bu yìnyín wá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta omi tútù, mo ṣe bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Wọ́n wá bọ́ sídìí ọ́fùn. Wọ́n wọ́n fúláwà díẹ̀ sórí páànù òfìfo, wọ́n tì í wọlé, wọ́n ń kà á lẹ́nu jẹ́jẹ́ títí dé ogún, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wo bó ṣe pọ́n kí wọ́n lè mọ bí ọ́fùn ṣe gbóná tó, wọ́n bu èédú díẹ̀ kúrò lórí ọ́fùn. Bisikíìtì ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde bó ṣe yẹ, etí ìràwọ̀ mú, ìrù ẹja dúró. Ọkọ̀ yín jáde pérépéré, imú ẹ̀ nà síwájú.

Ẹ wá wo áísìn, Bàbá mi. Mo po funfun ẹyin mọ́ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo pín in sínú àwọn ife. Atalẹ̀ pupa la fi ṣe yẹ́lò, omi zóbò la fi ṣe pupa. Ti omi abẹ́ ọkọ̀, Mọ́mì bu sódà bíńtín sínú omi zóbò, ó sì yí padà di búlúù lójú mi. Mo ti ń rí i láti kékeré, síbẹ̀ mo ṣì pariwo. Wọ́n da áísìn sínú ọ̀rá, wọ́n gé etí ọ̀rá náà. Ọwọ́ tí kò mọ bí a ṣe ń ró ìró mọ́, ọwọ́ yẹn fa ìlà tín-ín-rín yí etí bisikíìtì po, kò gbọ̀n rárá. Wọ́n ya fèrèsé mẹ́ta sára ọkọ̀, wọ́n da áísìn lé imú ẹ̀ dáadáa, wọ́n ya ọkùnrin kékeré kan sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ní ẹ̀yin nìyẹn. Wọ́n gbé e sínú àwo, wọ́n fi abọ́ bò ó.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn bí mo ṣe ń wò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ lò kẹ́yìn ní ọsibítù, ẹ ní bisikíìtì ń wù yín jẹ. Mo ní kí ara yín yá ná, pé Kérésìmesì ò tíì dé. Kí ló ń ṣe mí nígbà yẹn? Fúláwà wà nílé. Èédú wà nílé. Ṣé ẹ bínú sí mi? Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ yíjú sí ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, Mọ́mì wẹ̀ ní ọ̀sán, wọ́n kun pàùdà, wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò jẹun. Mo ní ẹ lè pẹ́. Wọ́n ní ẹ ti pẹ́ rí, ẹ sì dé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà láti wọlé sùn, wọn ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Láàárọ̀ Kérésìmesì, wọn ò mu tíì, wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n padà sórí àga wọn. Ẹ mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ẹ̀yìn oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó. Mo gbé àkàrà lọ, wọ́n tì í sẹ́yìn. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, wọ́n tì í sẹ́yìn. "Jẹ́ kí bàbá ẹ dé ká jọ jẹun," ni wọ́n ń wí. Ní agogo méjìlá, ètè wọn ti gbẹ.

Màmá Tími gbé ráìsì àti adìyẹ wá, ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ah-ah, Mama never chop since yesterday! Tell am, abeg. Oga don go, e no dey come back." Mo ní mi ò lè sọ ọ́. Mo ní ṣé kò rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣubú ni? Ó ní ó rántí, ṣùgbọ́n ebi náà lè gbé wọn ṣubú. Ó gbé ráìsì ẹ̀ kalẹ̀, ó lọ, kò sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀, Bàbá mi, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n lè kú. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹun. Mo pè yín gan-an nínú ọkàn mi. Ṣé ẹ gbọ́?

Nígbà tó di nǹkan bí agogo méjì, oorun gbé wọn lọ lórí àga. Ìgbà yẹn ni mo ṣe nǹkan tí ojú fi ń tì mí láti kọ. Mo ṣí abọ́, mo mú ọkọ̀ yín, mo fi eyín gé imú ẹ̀ jẹ. Mo dá èyí tó kù padà sínú àwo. Mo wá bàtà iṣẹ́ yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tò ó sẹ́nu ọ̀nà. Áísìn yẹn dùn. Mo nù ún kúrò lẹ́nu.

Wọ́n jí. Mo sáré bá wọn, mo ní, "Mọ́mì, Bàbá dé o! Ẹ ń sùn, wọ́n ní kí n má jí yín. Wọ́n ti bu ọkọ̀ wọn, ọ̀gá wọn sì tún ti pè wọ́n padà síbi iṣẹ́. Ó yá, ẹ wá jẹun."

Wọ́n wo bàtà. Wọ́n wo àwo. Wọ́n ṣí abọ́ fúnra wọn, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó.

"Ta ló jẹ imú ọkọ̀ mi?"

"Bàbá ni, Mọ́mì."

"Bàbá ẹ kọ́." Ohùn wọn ò lọ sókè. "Bàbá ẹ kì í fi eyín gé e. Á fi ọwọ́ bù ú sí méjì nínú yàrá, á fi iwájú ẹ̀ sí mi lẹ́nu, á ní iwájú ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kan èbúté, kí n gba tèmi. Ìdí ọkọ̀ ni bàbá ẹ ń jẹ. Láti ọdún tí mo ti bí ẹ."

Mi ò mọ̀, Bàbá mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn ni. Gbogbo ọdún yẹn, àwa tó wà níta rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń jẹ.

Mọ́mì tún wo bàtà yín. Wọ́n fi ìka kàn án. "Bàtà tó wọlé lónìí, kí ni òwú aláǹtakùn ń ṣe nínú ẹ̀?" Wọ́n wá wò mí lójú, ojú wọn mọ́ bíi ti àtijọ́, wọ́n sì fi orúkọ tèmi gan-an pè mí. Wọ́n ní, "Ṣé bàbá ẹ ti kú ni?"

Mo wo Màmá Tími lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Mo wo ibi tí àga wà, mo wo sìmẹ́ńtì ilẹ̀ tí wọ́n ṣubú sí lọ́jọ́sí. Mo kúnlẹ̀, mo di orúnkún wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí n lè gbá wọn mú tí wọ́n bá fẹ́ ṣubú.

"Wọ́n ti kú, Mọ́mì."

Wọn ò ké. Wọ́n gbé ọkọ̀ padà sínú àwo. Wọ́n ní, "Ṣé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ mọ̀, Mọ́mì."

"Ṣé mo wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pa ojú wọn dé, kí àwọn ará mọ́sáláṣí tó dé."

"Ó dáa." Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì nù ún. "Ó dáa tó bá jẹ́ èmi ni." Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ta ló wá ń bá ẹ sunkún látìgbà náà?"

Kò sẹ́nì kankan, Bàbá mi. Mi ò tíì sunkún yín rí. Lọ́jọ́ tí a sin yín, mò ń wá omi fún àlejò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọsibítù, iṣẹ́, jẹ́tì, irọ́. Ẹni tó ń sọ lójoojúmọ́ pé ẹ ń bọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè sunkún yín? Mo gbé orí lé itan Mọ́mì, mo sunkún débi pé Màmá Tími sáré wá, ó rò pé wọ́n ti dákú. Mọ́mì ní kó fi mí sílẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, wọ́n ń kí mi. "Pẹ̀lẹ́. O kú ọ̀fọ̀ bàbá ẹ." Àwọn ló kí mi, Bàbá mi. Wọ́n kí mi bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lára mi.

Lẹ́yìn náà wọ́n bu ọkọ̀ tó kù sí méjì. Wọ́n fi ìdajì sí mi lẹ́nu, wọ́n jẹ ìdajì. Wọ́n jẹ ráìsì Màmá Tími tán, wọ́n lo oògùn. Wọ́n ní adìyẹ ẹ̀ ò níyọ̀ tó.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Láàárọ̀ yìí, wọ́n jí, wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ máa ń sùn sí, wọ́n ní, "Bàbá ẹ ti jáde lọ síṣẹ́ ni?" Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi, òṣíbàtà, ẹ́ńjìnnì, gbogbo ẹ̀. Mo gbé e mì. Mo jókòó tì wọ́n, mo di ọwọ́ wọn mú, mo sọ fún wọn. Wọ́n sunkún, mo sunkún. Wọ́n bi mí bóyá àwọn wà níbẹ̀, mo sì sọ ti ojú yín fún wọn, bí ọwọ́ wọn ṣe rọra pa á dé. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n mu tíì, wọ́n padà sùn.

Wọ́n máa bi mí lọ́la. Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà á tún gbé wọn ṣubú bíi ti ìgbà àkọ́kọ́. Ṣé ohun tí mò ń ṣe yìí tọ́? Ṣé ìkà ni mo jẹ́ ni, tí mò ń túfọ̀ fún wọn lójoojúmọ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ ò bá ṣe? Mi ò rí ẹni bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi irọ́ pa á mọ́ fún wọn, àwọn nìkan ló ń dúró dè yín, èmi nìkan ló sì pàdánù yín. Ní báyìí, a jọ pàdánù yín ni. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n a jọ wà níbẹ̀.

Nítorí náà, Bàbá mi, ẹ máa lọ. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ẹ ń bọ̀.

Mò ń gbọ́ tí Mọ́mì ń jí. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn.

Èmi ni ọmọ yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ yín, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín gidigidi.